Ìtanràn Kọ́ Ni Yóò Mú Wọn Padà

 

Ní ìpàdé gbogboogbò tí ń bọ̀, àbá kan yóò wá síwájú ẹgbẹ́. Àbá náà ni pé kí a sọ owó ìtanràn àìwá sí ìpàdé di ìlọ́po méjì, kí a sì yọ orúkọ ẹnikẹ́ni tí ó bá jẹ gbèsè owó ẹgbẹ́ fún oṣù mẹ́fà kúrò nínú ìwé. Àwọn tí wọ́n mú àbá yìí wá kì í ṣe ọ̀tá ẹgbẹ́. Àwọn ni wọ́n ń wá sí ìpàdé ní òjò àti ní ẹ̀ẹ̀rùn. Àwọn náà ni wọ́n ń ru ẹrù àwọn tí kò wá. Ó ti rẹ̀ wọ́n, kò sì sí ẹni tí yóò bá wọn wí pé ó rẹ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n àwa tí à ń kọ ìwé yìí kò fara mọ́ àbá náà, a sì fẹ́ sọ ìdí rẹ̀ kí ọjọ́ ìpàdé tó pé, kí olúkúlùkù lè rò ó wò nílé rẹ̀.

A ti fi owó kún ìtanràn rí, ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ lè wo ìwé àkọsílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé. Lẹ́yìn ìgbà kọ̀ọ̀kan, àwọn tí ń wá ń dín kù ni, wọn kò pọ̀ sí i. Bí ó sì ti ń ṣẹlẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Ẹni tí kò wá ní oṣù kan jẹ ìtanràn. Ní oṣù kejì ojú ń tì í nítorí ti oṣù kìíní tí kò tí ì san. Ní oṣù kẹta gbèsè náà ti ga ju ohun tí ó lè kó jọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nígbà tí yóò bá fi di oṣù kẹrin, ó ti wá ọ̀nà mìíràn tí yóò máa gbà lọ sí ọjà kí ó má baà kọjá níwájú gbọ̀ngàn ẹgbẹ́. Àwa tí a wà nínú gbọ̀ngàn wo àga tí ó ṣófo, inú bí wa, a sì tún fi owó kún un. Òun náà gbọ́ pé a ti fi owó kún un, ó wá rí i pé òun kò ṣìnà bí òun kò ṣe wá. Bí ẹ bá bi wá, a ó ní àìwá wọn ni ó mú wa bínú. Bí ẹ bá bi wọ́n, wọ́n á ní ìbínú wa ni kò jẹ́ kí àwọn wá. Òtítọ́ ni apá méjèèjì ń sọ, síbẹ̀ àga ṣófo.

Àwọn ènìyàn kan wà tí wọ́n fi ọjọ́ ayé wọn wo irú ìyípo báyìí, wọn kì í sì í ṣe olóṣèlú tàbí oníṣòwò. Àwọn tí ń fi ọ̀rọ̀ wo àìsàn ọkàn ni wọ́n. Ní ìlú Palo Alto ní California, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, dókítà kan tí ń jẹ́ Don Jackson dá ilé ìwádìí kan sílẹ̀ ní ọdún 1958 láti máa tọ́jú alárùn ọkàn pẹ̀lú ìdílé rẹ̀. Ní ọdún 1967, àwọn kan níbẹ̀, Richard Fisch, John Weakland àti Paul Watzlawick, bẹ̀rẹ̀ sí tọ́jú ènìyàn ní ọ̀nà tí ó ya àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lẹ́nu. Wọn kì í fi ọdún gbọọrọ wádìí ohun tí ìyá ẹni ṣe fún un nígbà èwe. Ohun tí wọ́n ń bèèrè ni pé: kí ni ìdààmú rẹ gan-an? Kí ni o sì ti ń ṣe láti fi lé e lọ? Ìgbà mẹ́wàá ni wọ́n ń rí ẹnì kan, kì í jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n rí i pé lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tí ènìyàn ń ṣe láti lé ìdààmú lọ gan-an ni kò jẹ́ kí ó lọ. Ẹ wo ẹni tí kò rí oorun sùn. Ó dùbúlẹ̀, ó pa ojú dé, ó ń fi agbára wá oorun, agbára tí ó ń lò yẹn ni kò sì jẹ́ kí ojú rẹ̀ kún. Bí ó bá tún fi kún akitiyan rẹ̀, ilẹ̀ yóò mọ́ bá a lójúfò ni.

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọ ìwé kan ní ọdún 1974 lórí bí nǹkan ṣe ń yí padà. Wọ́n ní irú ìyípadà méjì ni ó wà, wọ́n sì fi àlá burúkú ṣe àpẹẹrẹ. Ẹni tí ó wà nínú àlá burúkú lè sá, ó lè fara pamọ́, ó lè jà, ó lè bẹ́ sílẹ̀ láti orí àpáta. Ohun tí ó bá wù ú kí ó ṣe, inú àlá náà ni ó ṣì wà. Jíjí ni ó ń mú àlá parí, jíjí kò sì sí lára ohun tí à ń ṣe nínú àlá. Láti fi ìtanràn kún ìtanràn, tàbí láti dín in kù, inú àlá kan náà ni méjèèjì wà.

Ẹni tí ó la ọ̀nà fún wọn ni Gregory Bateson, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a bí ní ọdún 1904. Kì í ṣe dókítà rárá. Àṣà àwọn ènìyàn ni ó ń kọ́ ní erékùṣù New Guinea, ìwé tí ó sì ṣe lórí wọn jáde ní ọdún 1936. Ó rí i níbẹ̀ pé bí apá kan bá ń fọ́nnu, tí apá kejì sì ń fi ìfọ́nnu dá a lóhùn, olúkúlùkù ń ti èkejì síwájú títí ìyapa yóò fi dé. Ó rí irú kejì pẹ̀lú: bí ẹnì kan bá ń pàṣẹ tí èkejì ń tẹrí ba, àṣẹ a máa le sí i, títẹrí ba a sì máa jinlẹ̀ sí i. Ẹ má ṣe rò pé New Guinea jìnnà sí wa. Ẹgbẹ́ wo ni kò ní akọ̀wé kan tí ń kọ ìwé, tí ń gba owó, tí ń gbá ilẹ̀ gbọ̀ngàn, tí ń lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, nígbà tí àwọn yòókù jókòó? Ó ń ṣe é nítorí pé wọn kò ṣe é. Wọn kò ṣe é nítorí pé ó ń ṣe é. Ọjọ́ tí ó bá kú ni a ó mọ̀ pé kò sí ẹni tí ó mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà.

Láàárín ọdún 1946 sí 1953, Bateson bá àwọn onímọ̀ bíi Norbert Wiener jókòó ní àwọn ìpàdé kan ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀rọ tí ń fi àbájáde iṣẹ́ ara rẹ̀ tún ara rẹ̀ ṣe. Láti ibẹ̀ ni ó ti wá rò pé ìdílé pẹ̀lú ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1956, òun pẹ̀lú Jackson, Jay Haley àti Weakland gbé èrò kan jáde tí òkìkí rẹ̀ kàn, èyí tí a lè pè ní ìdè alápá méjì. Wọ́n ní bí a bá ń sọ ohun méjì tí ó tako ara wọn fún ọmọ, tí kò lè ṣe ọ̀kan kí ó má rú èkejì, tí kò gbọdọ̀ sọ pé wọ́n tako ara wọn, tí kò sì lè jáde kúrò nílé, orí ọmọ náà lè dàrú. Wọ́n rò pé èyí ni ó ń fa irú wèrè kan. Lórí èyí, àwọn tí ó wá lẹ́yìn wọn kò rí ẹ̀rí tí ó tó. Lónìí a mọ̀ pé àìsàn náà ní ohun púpọ̀ ṣe pẹ̀lú ọpọlọ àti àjogúnbá, àti pé ọ̀pọ̀ ìyá ni a dá lẹ́bi lásán ní ìgbà yẹn. Ṣùgbọ́n bí kò tilẹ̀ fa wèrè, ìdè náà wà, a sì mọ ojú rẹ̀.

Ní ìpàdé wa, a máa ń sọ fún àwọn ọ̀dọ́ pé, “Ẹ sọ̀rọ̀, ẹ̀yin ni ẹ ni ẹgbẹ́ yìí lọ́la.” Ọ̀kan nínú wọn á dìde, á ní àkọsílẹ̀ owó kò yé òun. Kí ó tó parí, ẹnì kan á ti kígbe pé, “Ọmọ ta ni ìwọ? Ṣé báyìí ni bàbá rẹ ṣe ń bá àgbà sọ̀rọ̀?” Bí ó bá sọ̀rọ̀, aláìlẹ́kọ̀ọ́ ni. Bí ó bá dákẹ́, aláìbìkítà ni, a ó sì ní àwọn ọmọ tí a bí sí ilẹ̀ Hausa kò mọ ìlú baba wọn. Bí ó bá sọ pé, “Ẹ̀yin ni ẹ ní kí n sọ̀rọ̀,” a jẹ́ pé ó ti fẹnu ko bàbá rẹ̀ lójú. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín rẹ̀ àti ọmọ inú ìdílé tí Bateson ń sọ ni pé òun lè jáde kúrò nílé. Ó sì ti jáde.

Ní ọdún 1954, dókítà kan, Murray Bowen, bẹ̀rẹ̀ sí gba alárùn pẹ̀lú ìbátan rẹ̀ sí inú ilé ìwòsàn ìjọba ní ìlú Bethesda ní Amẹ́ríkà, kí ó lè wo alárùn pọ̀ mọ́ àwọn ènìyàn rẹ̀. Ní ọdún kan náà, láìjẹ́ pé ẹnì kan kọ́ ọ lára ẹnì kejì, Dókítà Thomas Adéoyè Lambo ti ṣe ohun tí ó jọ ọ́ ní Àró ní Abẹ́òkúta. Kò ti àwọn alárùn mọ́ ilé. Ó fi wọ̀ sí ìletò tí ó yí ilé ìwòsàn ká, ó sì ní kí ìbátan kan, ó kéré tán, bá olúkúlùkù wá láti máa se oúnjẹ fún un kí ó sì máa tọ́jú rẹ̀. Ní ọ̀sán wọ́n á lọ gba ìtọ́jú, ní alẹ́ wọ́n á padà sí àárín àwọn ará abúlé. Gbogbo ayé wá wo Àró, Lambo fúnra rẹ̀ sì di igbá kejì olórí àjọ ìlera àgbáyé. A mẹ́nu kan èyí kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ọgbọ́n òyìnbó ni a ń tà fún ẹgbẹ́. Pé ènìyàn kan kì í dá nìkan ṣàìsàn, tí kì í sì í dá nìkan sàn, a ti ṣe é ní ilé wa.

Bowen ni ó fi yé wa pé bí nǹkan bá le láàárín ènìyàn méjì, wọn kì í pẹ́ fa ẹnì kẹta wọlé kí ara lè tù wọ́n. Èyí ni ó ń ba ẹgbẹ́ wa jẹ́ ju àìní owó lọ. Lágbájá bínú sí akápò. Dípò kí ó bá akápò sọ̀rọ̀, ilé alága ni ó gbà lọ ní alẹ́. Alága tẹ́tí, ó kẹ́dùn, ara tu Lágbájá, ó lọ sùn. Ní ọjọ́ kejì alága kò dáhùn ìkíni akápò bí ó ti yẹ. Akápò mọ̀ pé ẹnì kan ti sọ nǹkan, òun náà lọ bá ìyálóde. Láàárín oṣù méjì ẹgbẹ́ ti pín sí ti Ọ̀yọ́ àti ti Ìjẹ̀bú, nígbà tí ó jẹ́ pé owó ìwé àṣẹ kan ṣoṣo ni ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà. Àwọn àgbà wa mọ̀ ọ́n, àwọn ni wọ́n ní agbẹjọ́ ẹnìkan dá, òṣìkà ènìyàn. Ìmọ̀ràn Bowen kò ju pé kí ẹnì kẹta má sá fún ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì, kí ó má sì gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Kí alága wí pé, “Mo gbọ́. Ìgbà wo ni ìwọ àti akápò yóò jókòó? Èmi yóò wà níbẹ̀.” Ó rọrùn láti kọ, ó ṣòro láti ṣe, pàápàá fún alága tí ó fẹ́ràn kí àwọn ènìyàn máa wá sí ilé rẹ̀ ní alẹ́.

Ní ìlú Milan ní Ítálì, Mara Selvini Palazzoli àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mẹ́ta tún rí ọ̀nà tí a fi ń bèèrè ọ̀rọ̀. Wọn kì í bi bàbá pé, “Kí ni ó ń bí ọ nínú?” Ọmọ ni wọ́n ń bi, lójú bàbá àti ìyá, pé, “Bí bàbá rẹ bá bínú, kí ni ìyá rẹ máa ń ṣe? Ta ni ó máa ń kọ́kọ́ jáde nílé?” Gbogbo ilé á gbọ́ ohun tí wọn kò gbọ́ rí. Ní ọdún 1981 Selvini Palazzoli gbé ọ̀nà yìí kúrò nínú ìdílé, ó lò ó fún ilé-ẹ̀kọ́, ilé ìwòsàn àti ilé iṣẹ́ nínú ìwé kan. Ó kìlọ̀ níbẹ̀ pé ẹni tí ó ránṣẹ́ pe onímọ̀ wá tún ilé iṣẹ́ ṣe sábà máa ń jẹ́ ẹni tí ìjà ń borí rẹ̀, tí ó ń wá alátìlẹ́yìn. Ẹ jẹ́ kí ìgbìmọ̀ tí à ń yàn ní gbogbo ìgbà láti parí aáwọ̀ rántí èyí.

Nípa ọ̀nà mìíràn, àwọn Amẹ́ríkà méjì, Chris Argyris àti Donald Schön, dé ibi tí ó fara jọ èyí nínú ìwé wọn ti ọdún 1978 lórí bí ẹgbẹ́ àti ilé iṣẹ́ ṣe ń kọ́ ọgbọ́n. Wọ́n fi ẹ̀rọ tí ń mú ilé gbóná ní ìlú òtútù ṣe àpẹẹrẹ. Bí yàrá bá tutù ju iye tí a sọ fún ẹ̀rọ náà, á tanná. Bí ó bá gbóná jù, á paná. Ọgbọ́n nìyẹn, ṣùgbọ́n ìyípo kan ṣoṣo ni. Ẹ̀rọ náà kò lè bèèrè láé pé, “Kí ni ìdí tí a fi yan iye yìí?” Ẹgbẹ́ tí ó bá lè bèèrè bẹ́ẹ̀ ti wọ ìyípo kejì. Argyris tún sọ pé ní ibi iṣẹ́ gbogbo, ọ̀rọ̀ kan máa ń wà tí kò ṣeé sọ, pé kò ṣeé sọ náà kò sì ṣeé sọ.

Ẹ jẹ́ kí a sọ èyí tí kò ṣeé sọ láàárín wa. Kí ni à ń ṣe ìpàdé fún? Nígbà tí àwọn bàbá wa bá rélùwéè gòkè wá sí Kánò, sí Zaria, sí Jọ́ọ̀sì, ẹgbẹ́ ni ó ń wá ilé fún àlejò, ẹgbẹ́ ni ó mọ ibi tí iṣẹ́ wà, ní ìpàdé ni à ń gbọ́ ẹni tí ó kú nílé àti ẹni tí ó bímọ. Ẹni tí kò wá pàdánù. Lónìí, kí òkú tó tutù nílé, ìròyìn rẹ̀ ti wọ inú fóònù ọmọ rẹ̀ níhìn-ín. Ohun tí ìpàdé kù láti fún un ni kíka àkọsílẹ̀ ìpàdé tí ó kọjá, kíka orúkọ àwọn onígbèsè sókè, àti wákàtí méjì lórí ìjà tí kò mọ ìdí rẹ̀. Àwa ń wí pé kí a fi ìtanràn fà á wá sí ibi tí kò ti rí ohun tí ó ń wá.

Síbẹ̀ ó ń wá nǹkan. Ní ọdún tí ó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn tí a kà sí onígbèsè kú. Òfin wa sọ pé a kò gbọdọ̀ san owó ìsìnkú fún un, a kò sì san án. A pa òfin mọ́. Àwọn aládùúgbò ni wọ́n dá owó mọ́tò tí ó gbé òkú náà lọ sílé, díẹ̀ nínú wọn kì í sì í ṣe Yorùbá. Láti ìgbà náà, kò sí ọ̀dọ́ kan láti àgbàlá náà tí ó tún wọ gbọ̀ngàn wa. Wọ́n ti rí ohun tí ẹgbẹ́ jẹ́ fún wọn ní ọjọ́ tí ó ṣe kókó, kò sì sí ìtanràn tí ó lè mú wọn gbàgbé.

A mọ èsì tí yóò wá. Wọ́n á ní bí a bá ń wo ìyípo, kò ní sí ẹlẹ́ṣẹ̀ mọ́. Ìbéèrè gidi ni. Àwọn obìnrin onímọ̀ ní Amẹ́ríkà ti bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn dókítà ìdílé láti ìparí àwọn ọdún 1970 síwájú: bí ọkùnrin bá ń lu aya rẹ̀, ṣé ìyípo ni a ó wò? Rárá. Ẹni tí ó lu ènìyàn, òun ni ó lù ú. Ẹni tí ó jí owó ẹgbẹ́, òun ni ó jí i, kí ó dá a padà. Àìwá sí ìpàdé kì í ṣe irú rẹ̀.

Wọ́n á tún ní kí a yí akọ̀wé padà. A ti yí i padà rí. Jackson kọ ọ́ ní ọdún 1957 pé nígbà tí ara alárùn bá ń yá, ẹlòmíràn nínú ìdílé lè bẹ̀rẹ̀ sí ṣàìsàn, nítorí ilé ti mọ́ra kí ẹnì kan máa ru àìsàn náà. Akọ̀wé tuntun tí a bá gbé sórí àga àtijọ́ yóò di akọ̀wé àtijọ́ kí ọdún tó yí po.

Nítorí náà, dípò àbá tí ó wà nílẹ̀, èyí ni àwa fẹ́ gbé wá. Kí a má gba ìtanràn kankan fún oṣù mẹ́ta. Gbèsè àtẹ̀yìnwá kò parẹ́, ṣùgbọ́n kí a má kà á sókè, kí ó má sì dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láti wọlé tàbí láti gba ìrànlọ́wọ́ ìsìnkú. Kí ènìyàn méjì méjì lọ sí ilé àwọn tí kò wá mọ́, àgbà kan pẹ̀lú ọ̀dọ́ kan, kí ó má jẹ́ àwọn olóyè ẹgbẹ́. Kí wọ́n má bẹ̀ wọ́n, kí wọ́n má sì bá wọn wí. Ìbéèrè mẹ́ta péré ni kí wọ́n bèèrè: Ìpàdé wo ni inú rẹ dùn sí gbẹ̀yìn, kí ni ó sì ṣẹlẹ̀ níbẹ̀? Nígbà tí o kò wá mọ́, ta ni o rò pé ó mọ̀ ọ́n lára jù, kí ni ẹni náà sì ṣe? Bí o bá ní ìṣòro ní ọ̀la, ilé ta ni o máa kọ́kọ́ lọ? Kí a kọ ìdáhùn sílẹ̀ láìkọ orúkọ, kí a kà wọ́n ní ìpàdé oṣù kẹta, kí ọ̀dọ́ kan sì ṣe alága ọjọ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Lẹ́yìn náà kí ẹgbẹ́ dìbò lórí ìtanràn bí ó bá ṣì fẹ́.

Àbá wa ti wà lọ́wọ́ akọ̀wé ní kíkọ. Ẹni tí yóò bá wa lọ káàkiri ilé kí ó fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ kí ọjọ́ ìpàdé tó dé, kí ó sì sọ àdúgbò tí ó mọ̀ dáadáa, nítorí àgbàlá tí a ti sìnkú láìsí ẹgbẹ́ níbẹ̀ ni a fẹ́ kọ́kọ́ lọ.